Ẹja Mọ́kànlá Tí Ara Wọn Le

Ẹja mọ́kànlá ló léfòó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ikùn wọn kọjú sókè. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ń mí. Kí n tó sọ ìwé tí mo ń kọ iye wọn sí kọ́ sórí ìṣó tán, Mọ́mì, ìyàwó Díákónì, ti dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ti ké, Díákónì ti sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lára, wọ́n sì ti ní èmi ni mo fún àwọn ẹja náà ní májèlé.

Títílayọ̀ lorúkọ mi. Ìyá Mercy ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tọ́jú ẹja nílé Díákónì Akínọlá, ní Òkè Gádà, ní Ẹdẹ níbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Yàrá kan lẹ́yìnkùlé wọn lèmi àti ọmọ mi ń gbé, kò sì sí ibòmíràn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi ti gba òrùlé lórí mi. Mo tètè sọ ìyẹn, kí ẹ lè mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹja náà kì í ṣe ẹja jíjẹ. Ránṣù ni wọ́n ń pè é, ẹja aláwọ̀ wúrà, Èkó ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n ní Jàpáànù ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò ní lẹbẹ lẹ́yìn rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, orí rẹ̀ wú súkusùku bí ẹni tó dé fìlà òwú. Láti òkè ni èèyàn ti ń wò ó kó tó mọ ẹwà rẹ̀, nítorí náà inú ọpọ́n sìmẹ́ńtì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé.

Díákónì pe Dípíò, ọ̀gá ọlọ́pàá, lórí fóònù. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí ọlọ́pàá méjì fi dé. Ọ̀kan jẹ́ kọ́ńsítébù, Ọládòṣù lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga tí bàtà rẹ̀ ń han. Èkejì ni Ìnísípẹ́kítọ̀ Àwáwù, obìnrin kúkurú tó fi ìbòrí dúdú sábẹ́ fìlà iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò, torí mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọládòṣù lọ tú yàrá mi. Kò pẹ́ tó fi padà, ó di ọ̀rá kékeré kan mú bí ẹni di eku mú nírù. Nǹkan funfun ló wà nínú ọ̀rá náà.

"Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti rí i, mà. Májèlé rèé."

Díákónì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ṣé mo wí bí?"

Ìnísípẹ́kítọ̀ gba ọ̀rá náà. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ahọ́n lá a. Ọládòṣù na ọwọ́ bíi pé kó gbá a dànù, ẹ̀rù bà á.

"Iyọ̀ ni," ni obìnrin náà wí. "Tí mo bá ṣubú, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ló pa mí."

"Ẹ gbà pé iyọ̀ ni," ni Díákónì wí. "Kí ni iyọ̀ ń wá lábẹ́ ibùsùn? Ṣé abẹ́ ibùsùn lẹ ti ń sebẹ̀ nílé tiyín?"

"Rárá o, Bàbá. Ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Mercy, kí ló gbé iyọ̀ débẹ̀?"

Mọ́mì ń wò mí.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ iyọ̀ tó wà lábẹ́ ibùsùn tí ẹ̀ ń sùn lé lórí." Kò pariwo. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù.

Ó rí ìwé tó rọ̀ mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Díákónì ló ra ìwé náà fún mi. Àràárọ̀, ní aago mẹ́fà, mo gbọ́dọ̀ kọ iye ẹja àti bí ara wọn ti rí sínú rẹ̀. Ìnísípẹ́kítọ̀ ń ṣí i lọ, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, ètè rẹ̀ ń mì bí ọmọ ilé ìwé.

"'Ara wọn le. Ògo ni fún Ọlọ́run.' 'Ara wọn le. Ògo ni fún Ọlọ́run.'" Ó dé ìparí. "Ti òní náà: 'Ẹja méjìlá. Ara wọn le. Ògo ni fún Ọlọ́run.' Ìgbà wo lẹ kọ èyí?"

"Aago mẹ́fà, mà."

"Ìgbà wo lẹ rí òkú?"

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò pa á.

"Bébà yìí ti tutù rí. Ibi tí ẹ gbé ọwọ́ lé ti hunjọ, yíǹkì ti ṣàn. Ọwọ́ yín ti wọ omi kí ẹ tó mú bírò. Ẹ ti kan òkú mọ́kànlá, ẹ wá jókòó, ẹ kọ ọ́ pé ara wọn le."

"Ẹ ò rí òpùrọ́," ni Díákónì wí. "Ṣe ló fẹ́ bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mọ́mì dá sí i. "Ẹ ránṣẹ́ pe Teslim náà, ọmọkùnrin tó ń ta ẹja wọ̀nyí ní Akódà. Ó wá síbí lọ́jọ́rú. Ó ti ọwọ́ bọ inú omi. Mo fi ojú mi rí i."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó fẹ́ kí Díákónì ta èyí tó tóbi jù fún òun. Díákónì ní rárá. Ó bínú lọ."

Ìnísípẹ́kítọ̀ ní kí Ọládòṣù gun ọ̀kadà lọ mú un wá. Ó wá bẹ Díákónì àti Mọ́mì pé kí wọ́n wọlé lọ jẹun, pé òkú ò ní sá. Wọ́n wọlé. Mo rí kọ́tìnnì tó mì lójú fèrèsé, mo mọ̀ pé Mọ́mì ò jẹun.

Ó ku èmi àti ọlọ́pàá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó ká ẹsẹ̀ kò. Ó ní kí èmi náà jókòó.

"Ẹ kọ́ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja ò ju kí n dín in lọ. Ẹja tí ara rẹ̀ le, báwo ló ti ń ṣe?"

Ìyẹn rọrùn fún mi láti sọ. Kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀.

"Tó bá rí òjìji yín, mà, á sáré wá bá yín ni. Á rò pé oúnjẹ dé. Lẹbẹ rẹ̀ á nà bí abẹ̀bẹ̀. Á máa wẹ̀ kiri, á máa fẹnu ṣa ilẹ̀ ọpọ́n. Ara rẹ̀ á máa dán. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, á ki, kò ní rí bí òwú funfun. Tó bá ń mí, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Tí wọ́n bá sì pọ̀, wọ́n á jọ máa rìn ni. Èyí tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀..."

"Èyí tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

Ó na ìka sí èyí tó ṣẹ́kù. Ẹja náà wà ní igun ọpọ́n, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Lẹbẹ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Ó fi ẹnu sójú omi, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ìpẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kúrò lára bí èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

"Èyí ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, mà."

Mo gbọ́ ọ bó ti jáde lẹ́nu mi. Ìnísípẹ́kítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹja náà pẹ́, ó wá wò mí.

"Ìyá Mercy, ẹja yìí ń mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ sáré láti Akódà dé ibí. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ta ló ní kí ẹ má sọ ọ́?"

Mo wo ojú fèrèsé. Kọ́tìnnì ò mì mọ́. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"A kì í jẹ́wọ́ àìsàn nínú ilé yìí, mà. Wọ́n ní ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Mọ́mì fúnra wọn, tí ibà bá ń gbọ̀n wọ́n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, 'mo le, mo le' ni wọ́n á máa wí. Wọn kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́ nìyẹn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo sọ pé ẹja kan ò gbádùn. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Mọ́mì ní ẹnu mi ló pa á. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní tí n bá tún fi ẹnu burúkú sí nǹkan nínú ọgbà wọn, kí n kó ẹrù mi."

Obìnrin náà mi kanlẹ̀. Ó rọra fa agolo oúnjẹ ẹja sọ́dọ̀, ó ṣí i.

"Ó dáa. Mo ti gbọ́. Èmi ni máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹ má la ẹnu. Tó bá rí bí mo ti wí, ẹ mi orí."

Mi ò gbọ́ irú èyí rí.

"Ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n kọ sára agolo yìí pé wọ́n ṣí i. Òní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ó yẹ kí agolo ti ń gbẹ, àmọ́ ó ṣì kún ju ìdajì lọ. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò jẹun mọ́."

Mo mi orí.

"Ògiri ọpọ́n yìí, gbogbo ibi tí ọ̀bùn ewéko ti hù sí ló ní ojú ibi tí nǹkan ti ha á kúrò. Wọ́n ń fi ara nù ún. Ara ń yún wọn."

Mo mi orí.

"Iyọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ fi pa wọ́n. Oògùn ni. Ẹ̀ ń bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò yín. Ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ ti rí àìsàn."

Omijé ti bọ́ lójú mi kí n tó mi orí.

Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn. "Irọ́ ló kún inú ìwé yìí, àfi ibì kan. Ẹ ò parọ́ iye. Títí dé ọjọ́ kẹfà, ẹja mọ́kànlá. Láti ọjọ́ keje, méjìlá. Ẹnìkan mú àlejò wọlé. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ju orí: rárá.

"Ṣé àlejò náà ló wà láàyè yìí?"

Mo mi orí. Mi ò mọ bó ti ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ẹni tó gbé àrùn rìn wá máa ń pẹ́ kú ju ẹni tó kó o lọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló kọ́ mi níyẹn, kì í ṣe ẹja."

Ọ̀kadà dé ẹnu géètì. Ọládòṣù fa Teslim wọlé ní apá. Ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni, tínínrín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Díákónì àti Mọ́mì jáde.

"Lọ́jọ́rú, o ti ọwọ́ bọ omi yìí?" ni Ìnísípẹ́kítọ̀ bi í.

"Mo tì í bọ̀ ọ́, mà. Omi náà ń yọ̀. Mo gbé ọwọ́ símú, ó ń rùn. Mo sọ fún Mọ́mì pé ẹja yín ò gbádùn o, ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tó ṣì lè yè lọ tọ́jú. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ẹnu mi. Èmi ọmọ Àlùfáà Ràájì."

Ọládòṣù fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Mọ́mì ní ńṣe lo fẹ́ ra èyí tó tóbi jù."

"Kí n ra òkú, mà? Mo ní kí n mú un lọ tọ́jú ni."

"Àlejò ọjọ́ keje, ta ló tà á?"

"Èmi náà ni. Mi ò sẹ́. Láti Èkó ló dé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fi sí ọpọ́n ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ike tí wọ́n bá fi bu omi tirẹ̀ má kan ti àwọn tó kù, kí a kọ́kọ́ wò ó. Ó wà nínú fóònù mi."

Ó tẹ fóònù. Ohùn rẹ̀ jáde, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Ohùn kejì tẹ̀lé e, ohùn àgbà tó ṣe kedere: "Teslim ọmọ mi, ẹja tí a ti gbé ọwọ́ àdúrà lé kò nílò àhámọ́. Mo ti dà á mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Díákónì jókòó sórí pèpéle.

"Iná ló lọ lóru," ni Mọ́mì wí. "Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dúró. Ìyẹn ló pa wọ́n."

"Iná ti lọ rí, Mọ́mì. Ní Ẹdẹ yìí? Ọdún mélòó ni iná ti ń lọ tí ẹja ń yè? Ẹni tí ibi ìmí rẹ̀ ti jẹrà ni àìsí iná ń pa lóru kan." Ìnísípẹ́kítọ̀ bá Díákónì sọ ọ́ tààrà. "Kò sí májèlé, Bàbá. Ẹja tuntun ló gbé àrùn wọlé lọ́jọ́ keje. Obìnrin yìí ti rí i láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹ̀ bá rí díẹ̀ gbà là."

"Ó rí i, kò sì sọ," ni Díákónì wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó má sọ."

"Mi ò ní kó parọ́ sínú ìwé mi. Ta ló kọ ọ́? Ṣé èmi?" Ohùn rẹ̀ ò le. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Títí, gbọ́. Tí o bá jẹ́wọ́ pé o rí i, o ti jẹ́wọ́ pé ọjọ́ méje gbáko lo fi purọ́ fún mi. Mi ò lè gbé òpùrọ́ sínú ọgbà mi."

Mọ́mì sún mọ́ mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn gbóná. "Sọ pé o ò mọ̀, Títí. Pé ara wọn le bí o ti kọ ọ́. Lọ gbálẹ̀ yàrá rẹ, ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí."

Mo wo Ìnísípẹ́kítọ̀. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ bi í.

"Tí ara wọn bá le títí di àná, a jẹ́ pé wọ́n pa wọ́n ni," ó wí. "Ẹni tó sì ti ọwọ́ bọ omi lọ́jọ́rú ló máa tẹ̀lé mi lọ. Orí tí ẹ mì, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá Mercy. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ilé ẹjọ́ ń gbọ́."

Teslim yíjú sí mi.

Mo fẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

"Lọ́jọ́ kẹwàá," ni mo wí, "ẹja tí mo ń pè ní ìyá pupa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ń fara nu ògiri. Lọ́jọ́ kọkànlá, àwọn mẹ́ta ni. Oúnjẹ bọ́ sílẹ̀, wọn ò wò ó. Lọ́jọ́ kẹtàlá ìgbẹ́ wọn di òwú funfun. Mo bu iyọ̀ sí i. Mo dín oúnjẹ kù. Mo fẹ́ pààrọ̀ omi, àmọ́ tí n bá gbé garawa jáde lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sátidé, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mi ò pààrọ̀ ẹ̀. Lánàá, wọ́n ń fẹnu mí lójú omi. Gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ pé ara wọn le."

Ọládòṣù ń kọ ọ́. Bírò rẹ̀ ń dún lórí bébà.

"Èyí tó kù yìí ńkọ́?" ni Ìnísípẹ́kítọ̀ bi mí.

"Tí ìpẹ́ bá ti dìde báyìí, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un mọ́. Ó ń kú lọ, mà."

Mọ́mì jáwọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n nu ọwọ́ náà sára ìró wọn. Díákónì dìde, ó wọlé, kò wẹ̀yìn. Láti inú ilé ló ti wí pé kí aago méjì má bá mi nínú ọgbà òun.

Wọ́n tú Teslim sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba, ó wá yára lọ, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Ẹrù mi ò pọ̀. Àpò ọ̀rá Báákò méjì, ìkòkò, mátírẹ́ẹ̀sì tí a ká, ìwé Mercy nínú páálí. Mo tò ó sí etí gọ́tà níwájú géètì. Ìnísípẹ́kítọ̀ ní kí Ọládòṣù máa lọ. Òun dúró tì mí nínú oòrùn.

"Ṣé ẹ ní ẹbí nítòsí?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú Ara, mà. Ó ti kú."

"Ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Kí ẹ mọ ìyẹn."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó bá mi sún páálí ìwé Mercy kúrò létí gọ́tà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Mercy sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìkóríta, àpò ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀la ló ní ìdánwò àṣekágbá ní pólì. Ó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó rí ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó sì tún falẹ̀.

"Màámi, ẹ káàsán. Ẹ káàsán, mà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí mátírẹ́ẹ̀sì sórí páálí ìwé rẹ̀. "Ṣé dáadáa ni?"

Dáadáa ni. Ó ti wà létè mi. Ìdáhùn tí mo ti ń fún un láti ìgbà tó ti gbọ́n nìyẹn.

"Kì í ṣe dáadáa, ọmọ mi," ni mo wí. "Jókòó."